Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkọ́ rẹfirí rugby

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń kọ́ rẹfirí rugby máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé òfin, èyí kò sì burú, nítorí kò sí ẹni tí ó lè dá ẹjọ́ ohun tí kò mọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni pé wọn kì í kọjá ibẹ̀: wọn a ka òfin fún akẹ́kọ̀ọ́, wọn a fún un ní ìdánwò, wọn a sì fi fèrè lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa lọ sórí pápá lọ́jọ́ Sátidé. Èrò tèmi ni pé kí rẹfirí tó kọ́ bí a ti ń jẹ́ kí eré máa lọ geerege, ó gbọ́dọ̀ ti mọ bí a ti ń dá eré dúró lásìkò. Àìkọ́ ìyẹn dáadáa ni ó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ tọ́ka sí níhìn-ín.

Èyí tí ó léwu jù lọ ni kí a fi scrum, ìyẹn ibi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń so mọ́ra tí wọ́n sì ń ti ara wọn láti gba bọ́ọ̀lù, sílẹ̀ sínú ìwé. Nínú eré ẹlẹ́ni 15, ènìyàn 8 láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń ti ara wọn nínú scrum, agbára gbogbo wọn sì ń gba ọrùn àti èjìká àwọn mẹ́ta tí ó wà ní ìlà iwájú kọjá. Láti ọdún 2013 ni a ti ń lo ìpè mẹ́ta, crouch, bind, set, kí àwọn ìlà iwájú lè kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n di aṣọ ara wọn mú, kí wọ́n tó wọ inú ara wọn, nítorí pé ìkọlù tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ le jù. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́ ìpè yìí sórí, a sì máa pè é léraléra láì wo ẹni tí ó ń pè é fún. Ẹ má ṣe fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ sórí pápá. Ẹ mú un lọ síbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń ṣe ìdánrawò, kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ scrum gidi, kí ó máa wo ìgúnpá ẹni tí ó wà létí bóyá ó ń wálẹ̀, kí ó wo èjìká bóyá ó ti lọ sísàlẹ̀ ju ìbàdí lọ, kí ó má sì pe ìpè kejì títí gbogbo wọn yóò fi dúró ṣinṣin. Bí scrum bá wó, kí ó fọn fèrè lójú ẹsẹ̀. Òfin keje sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ fúnni ní àǹfààní láti máa bá eré lọ nígbà tí scrum bá wó tàbí tí a bá gbé ẹnì kan kúrò nílẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé a máa ń yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ó “jẹ́ kí eré lọ” débi pé ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ́ra láti gbé fèrè sẹ́nu.

Àṣìṣe tí ó tẹ̀ lé e ni kíkọ́ rẹfirí pé kí ó bi kápútẹ́nì léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ pinnu. Ní oṣù Kíní ọdún 1998, nínú eré àwọn tí kì í gba owó ní Wales, ẹnì kan nínú ìlà iwájú ẹgbẹ́ Llanharan fara pa, ó sì jáde, kò sì sí ẹlòmíràn tí a kọ́ fún ipò náà lórí àga ìpààrọ̀. Rẹfirí sọ fún wọn pé wọ́n lè fi ẹlòmíràn síbẹ̀, tàbí kí wọ́n máa ṣe scrum tí a kì í ti ara ẹni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yan èkejì, wọn kò ní gba máàkì nínú ìdíje náà bí wọ́n tilẹ̀ borí. Ta ni kò mọ èyí tí ẹgbẹ́ yóò yàn? Nígbà tí eré fẹ́ parí, scrum wó, ẹni tí ó wà láàárín ìlà iwájú ṣèṣe lọ́rùn, kò sì lè rìn mọ́. Ní ọdún 2003, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti England àti Wales fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé rẹfirí náà ni ó ní ojúṣe láti pinnu, àti pé ó gbé e lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ní 1996, ilé-ẹjọ́ kan náà ti dá rẹfirí mìíràn lẹ́bi nítorí eré àwọn ọ̀dọ́ kan ní 1991, níbi tí scrum ti wó lọ́pọ̀ ìgbà kí ọmọ ọdún 17 kan tó fara pa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹfirí kọ̀ọ̀kan gbọ́ ìtàn méjèèjì yìí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe láti dẹ́rù bà á, bí kò ṣe kí ó mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti orí tún ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wo eré àwọn àgbà lórí tẹlifíṣọ̀n a rí i pé ẹni tí a gbá lórí lè jáde fún àyẹ̀wò ìṣẹ́jú 12, kí ó sì padà wọlé, ó sì lè rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ní pápá àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Níbi tí kò ti sí dókítà àti ètò àyẹ̀wò tí a fọwọ́ sí, ẹni tí a bá fura sí pé ọpọlọ rẹ̀ mì gbọ́dọ̀ jáde pátápátá. Ní oṣù Kíní ọdún 2011, ọmọ ọdún 14 kan ní Northern Ireland kú lẹ́yìn eré ilé-ìwé tí a ti gbá a lórí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí ó sì ń bá eré lọ. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìparí ẹ̀kọ́ nígbà tí ó ti rẹ gbogbo ènìyàn. Ẹ kọ́ wọn láti máa wo ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó dìde, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ojú rẹ̀ ṣófo.

Nípa ìdájọ́ tí kò yí padà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi iye ìjìyà wọ̀n ọ́n: bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá gba ìjìyà dọ́gba, wọn a ní rẹfirí ṣe dáadáa. Èyí ń ba rẹfirí jẹ́, nítorí yóò máa wá ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ṣe ìdọ́gba. Ohun tí ó yẹ kí ó dọ́gba ni ìbéèrè tí ó ń bi ara rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbá ẹlòmíràn lórí, ìbéèrè mẹ́rin ni World Rugby, àjọ tí ó ń ṣàkóso rugby lágbàáyé, fi sílẹ̀: ṣé ó kan orí lóòótọ́? Ṣé ìwà tí kò bófin mu ni? Báwo ni ewu rẹ̀ ṣe tó? Ǹjẹ́ ohun kan wà tí ó dín ẹ̀bi rẹ̀ kù? Bí ẹ bá ń fi fídíò kọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ó dàgbà jù sọ̀rọ̀ ṣáájú; kí olúkúlùkù kọ ìdájọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sáré dáadáa kí wọ́n tó wo fídíò náà, nítorí kì í ṣe ẹni tí ó jókòó lórí àga ni yóò dá ẹjọ́ ní ìṣẹ́jú karùndínlọ́gọ́rin.

Àwọn kan ṣì ń kọ́ni pẹ̀lú ìwé àtijọ́. Ní England, láti sáà 2023 sí 2024, ìdimú (tackle, ìyẹn dídi ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù mú láti dá a dúró) nínú eré àwọn tí kì í gba owó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ egungun àyà, nígbà tí òfin àgbáyé ṣì ń sọ pé kí ó má kọjá èjìká. Nínú eré àwọn tí kò tíì pé ọdún 19 pẹ̀lú, a kò gbọdọ̀ ti scrum kọjá mítà 1 àtààbọ̀. Ẹ máa bèèrè irú eré tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe kí ẹ tó yan ohun tí ẹ ó kọ́ ọ.

Lákòótán, ẹ má ṣe fi rẹfirí tuntun sílẹ̀ ní òun nìkan ní eré àkọ́kọ́ rẹ̀. Kí àgbà rẹfirí kan dúró létí pápá, kí ó má pariwo, kí ó má ṣe ṣàtakò ìdájọ́ rẹ̀ níwájú àwọn òbí àti àwọn kóòṣì. Nígbà ìsinmi, kí ó bi í ní ìbéèrè kan péré: ìgbà wo ni ọkàn rẹ sọ fún ọ pé kí o fọn fèrè, tí o kò sì fọn ọ́n?