Wọ́n ń tẹ líǹkì, owó kò wọlé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí iṣẹ́ alárinà ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì

Láti ọdún mélòó kan ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí affiliate, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ alárinà ni: a máa ń fi ọjà ọlọ́jà han ẹni tó fẹ́ rà, bí ó bá sì gba orí líǹkì wa rà á, ilé iṣẹ́ yóò fún wa ní kọmíṣọ́ọ̀nù. Ìṣòro kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé tọ̀ mí wá: líǹkì wà níta, owó kò dé. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bi mí nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo fún wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Agbówó. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń gbé líǹkì Amazon, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, sórí status WhatsApp mi. Àwọn ènìyàn ti tẹ̀ ẹ́ ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ra ohunkóhun. Níbo ni mo ti ṣìṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tó ń tẹ líǹkì náà, nítorí ibẹ̀ ni ìṣòro yìí sábà máa ń wà. Ọ̀rẹ́, aládùúgbò àti mọ̀lẹ́bí ló ń wo status yín. Ẹni tó bá fẹ́ ra ṣájà ní Agbówó yóò wọ mọ́tò lọ sí Ìwó Road, yóò ki ṣájà náà bọ iná lójú ẹni tó ń tà á, yóò ná an dáadáa, yóò sì mú un lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Amazon kì í fi ọ̀pọ̀ ọjà ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, èyí tó bá sì fi ránṣẹ́, owó tí wọn yóò fi gbé e wá lè ju owó ọjà lọ. Ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn yín ní sí yín ló mú wọn tẹ líǹkì náà; kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rajà.

Ẹ lè wá ọjà tí wọ́n lè rà níbí fún wọn. Jumia náà ní ètò alárinà tirẹ̀. Ẹ sì lè kọ̀wé fún àwọn tó ń gbé níbi tí Amazon ti ń gbé ọjà dé ẹnu ọ̀nà. Èyí ni èmi yàn, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo sì fi ṣe é kí n tó rí kọ́bọ̀. Ohun tó là mí lójú ni ẹjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston ń rò, pé òun kò rí blẹ́ńdà tó lè lọ ẹ̀wà àkàrà. A bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò. Ó lọ ẹ̀wà kan náà nínú blẹ́ńdà mẹ́ta, ó sì ń ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: nínú ọ̀kan, kókó ẹ̀wà ṣì wà létí ṣíbí lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, nínú òmíràn, ó kúnná débi pé ó ń fà bí ògì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí wẹ́bùsáìtì mi, pẹ̀lú àwòrán ṣíbí náà. Àwọn Yorùbá tó wà lókè òkun ń fi Google wá ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń kà á, wọ́n sì ń rà á. Status yín kì í pé ju wákàtí 24 lọ kí ó tó pòórá. Ojú ewé yẹn ṣì ń mú owó wọlé lóru tí mo ti sùn, n kò ra ọjà pamọ́, n kò sì gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn nítorí rẹ̀. Adùn iṣẹ́ yìí nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kánádà ra fóònù láti orí líǹkì mi. Mo rí rìsíìtì rẹ̀, ṣùgbọ́n kọmíṣọ́ọ̀nù kò hàn nínú àkáǹtì mi.

Ìdáhùn: Bí ó bá jẹ́ líǹkì Amazon ti Amẹ́ríkà ni ẹ fún un, tí òun sì lọ rajà lórí ti Kánádà, a kò ní kà á fún yín àfi bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ fún ti Kánádà pẹ̀lú. Ẹ bi í léèrè pẹ̀lú pé ọjọ́ wo ló tẹ líǹkì, ọjọ́ wo ló sì rajà. Amazon máa ń fi àmì kékeré kan sínú ẹ̀rọ ẹni tó bá tẹ líǹkì wa, wákàtí 24 péré sì ni àmì náà ń lò. Bí ẹni náà bá ti ju ọjà sínú agbọ̀n kí wákàtí náà tó pé, ó lè tó 90 ọjọ́ kí ó tó sanwó, a ó sì kà á fún yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ líǹkì alárinà mìíràn lẹ́yìn tiyín, ẹni ìkẹyìn ló ni owó náà. Ẹ má sì fi líǹkì ara yín rajà fún ara yín, tàbí kí ẹ bá ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí rà á. Amazon kò gbà á láyè, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ ti àkáǹtì yín.

Ìbéèrè: Amazon ti àkáǹtì mi pa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, n kò sì ṣẹ̀ wọ́n.

Ìdáhùn: Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ mú kí ọjà mẹ́ta, ó kéré tán, tà láàárín 180 ọjọ́; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò ti àkáǹtì rẹ̀. Ẹ tún forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ní ojú ewé tí àwọn ènìyàn ń kà.

Ìbéèrè: Owó hàn nínú àkáǹtì, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Ìdáhùn: Ẹ ní sùúrù. Nǹkan bí 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí oṣù tí ẹ pa owó náà bá parí ni Amazon tó ń san án, nítorí ẹni tó rajà lè dá a padà, bí ó bá sì dá a padà, wọn yóò yọ kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ kúrò. Payoneer, ilé iṣẹ́ tó ń báni gba owó láti òkè òkun, ni èmi fi ń gba tèmi. Kí ẹ tó bá ilé iṣẹ́ èyíkéyìí wọnú àdéhùn, ẹ wádìí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà.

Ìbéèrè: Ṣé èèyàn lè fi iṣẹ́ yìí nìkan jẹun?

Ìdáhùn: Àwọn kan ń fi í jẹun. Èmi kò tíì gbà kí ó jẹ́ òun nìkan, ìdí rẹ̀ sì ni pé ayálégbé ni wá nínú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, Amazon gé kọmíṣọ́ọ̀nù lórí àga àti ohun èlò àtúnṣe ilé láti ìdá 8 nínú 100 sí ìdá 3, wọ́n sì gé ti oúnjẹ láti ìdá 5 sí ìdá 1. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ kọ̀wé nípa àga kàn jí ni, ó bá a pé owó rẹ̀ kò tó ìdajì mọ́. Bí Google bá tún yí bí ó ṣe ń to ojú ewé padà, àwọn òǹkàwé lè dín kù lọ́sẹ̀ kan. Nítorí náà, mo ń gba líǹkì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́rin, mo ń gba íméèlì àwọn òǹkàwé tó bá fẹ́ fún mi, n kò sì tíì gbé skrudáfà mi sílẹ̀.

Ìbéèrè: Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági láti ogún ọdún. Ẹnì kan ní kí n sanwó kọ́ iṣẹ́ affiliate, kí n sì máa ta ẹ̀kọ́ náà fún àwọn mìíràn. Ṣé kí n ti ṣọ́ọ̀bù mi?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í. Amazon, tó ti ń ṣe ètò yìí láti ọdún 1996, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé. Bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ọjà kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí ẹ máa tà, tó sì jẹ́ pé ẹni tí ẹ tà á fún náà yóò tún wá ẹni tí yóò tà á fún, ọjọ́ kan ni kò ní sí ẹni tí yóò rà á mọ́, àwọn oníbàárà yín ní Gbági ni yóò sì wá bá yín fún owó wọn.

Ìmọ̀ tí ẹ ní nípa aṣọ níye lórí ju ẹ̀kọ́ yẹn lọ. Ẹ mú léèsì kan ṣoṣo, ẹ yà á ní fọ́tò lójú oòrùn, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún yà á, kí àwọn tó wà lókè òkun lè rí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí àti èyí tí kì í ṣí. Ẹ kọ ọ́ sókè ojú ewé pé ilé iṣẹ́ yóò fún yín lówó bí wọ́n bá gba orí líǹkì yín rà á. Àjọ FTC, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ń béèrè rẹ̀, oníbàárà yín náà sì yẹ kí ó mọ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń béèrè pé níbo ni àwọn ti lè rí i rà, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ilé iṣẹ́ tí yóò fún yín ní líǹkì.