Bí olùkọ́ ṣe lè ṣèwádìí iṣẹ́ tí òun àti AI lè jọ ṣe

Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ fi dán AI wò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ tó sì ń dáhùn ìbéèrè. Máàkì àròkọ Yorùbá ni èmi máa ń mú, àròkọ ogún ọmọ JSS 2 sì ti tó. Ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ wọn kí ohunkóhun tó wọnú fóònù. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí à ń kó fún ẹ̀rọ. Ẹ tẹ àròkọ náà tòun tàṣìṣe inú rẹ̀. Gboard, áàpù Google tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ pa àtúnṣe tó máa ń ṣe fúnra rẹ̀, kó má baà bá ọmọ tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe.

Ẹ máàkì kí ẹ tó bi ẹ̀rọ. Ibí yìí ni mo ti rí i tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bàjẹ́. Olùkọ́ á ti rí i pé 14 nínú 20 ni ẹ̀rọ fún ọmọ, kó tó wá mú bírò pupa. Ẹni tójú rẹ̀ ti rí 14, ọwọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kọ 9 mọ́. Nílé ìwé kan tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é báyìí, wọ́n sì kọ ọ́ pé olùkọ́ àti ẹ̀rọ fẹnu kò lórí ìwé tó pọ̀ jù. Wọn ò fẹnu kò. Ọ̀kan ló ń wo ìwé èkejì kọ. Gbogbo àròkọ yẹn ló ṣòfò, torí kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe bí ẹni tí kò rí máàkì náà mọ́.

Nítorí náà, ẹ pa dátà. Ẹ kọ máàkì kọ̀ọ̀kan àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé ọ̀tọ̀. Bírò ni kí ẹ lò, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Mi ò sì gba Excel níbí, torí nọ́ńbà inú rẹ̀ rọrùn láti yí láìsí ojú àpá. Ẹ kó ìwé náà fún olùkọ́ míì kó bá yín tọ́jú rẹ̀.

Ìlànà máàkì tí ẹ lò ni kí ẹ fún ẹ̀rọ. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí ó lè fún àròkọ kan náà ní máàkì méjì.

Ìwé tí ẹ ò ti fẹnu kò ni ẹ óò wá jókòó tì. Ọmọ kan kọ ọ́ pé bàbá òun gbé ọkọ̀ kọ́ èjìká lọ sóko. Ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀. Èmi mọ̀ pé ọkọ́ ló ń wí. Nígbà tí mo dé ìwé kẹtàdínlógún, ó ti rẹ̀ mí, mi ò rí i pé ọmọ ti fi àkòrí sílẹ̀ ní ìpínrọ̀ kẹta. Ẹ̀rọ ló rí i. Ẹ ka iye irú èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín rí tí èkejì ò rí.

Bí ẹ bá tún fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ jàǹfààní, ẹ fi kèké pín wọn sí méjì, kí ìdajì kan lo ẹ̀rọ. Ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ní 2024, wọ́n fi Copilot, AI ilé iṣẹ́ Microsoft, kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ilé ìwé, olùkọ́ sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àkókò ẹ̀kọ́ wọn náà lé sí i. Ti yín, ẹ fún ìdajì kejì ní wákàtí kan náà pẹ̀lú olùkọ́, láìsí ẹ̀rọ.