Bí A Ṣe Ń Tú Ìjà Tí Kò Fẹ́ Parí: Ohun Tí Ogun Kírìjì Fi Hàn Wá

Àwọn ìjà kan wà tó jẹ́ pé bí a ṣe ń parí wọn ni wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀. Ẹbí méjì ń fa ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ayé bàbá wọn. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà pín sí méjì, kò sì tún lè jókòó pọ̀ mọ́. Àwọn àgbà ti bẹ̀bẹ̀, ilé ẹjọ́ ti dájọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tún rú. Èrò tèmi ni pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í sábà dúró lórí ìwà burúkú ẹnì kan. Ohun kan ló ń bọ́ ọ, ibi tí àwọn tó ń jà kò sì wò ni ohun náà máa ń wà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìlànà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tó ń bọ́ ìjà, kó sì wá ọgbọ́n tí wọn kò tíì dá sí i. Bébà fẹ̀ǹfẹ̀ kan àti báírò ti tó. Ogun Kírìjì ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, ogun tó fa Ìbàdàn, Èkìtìparapọ̀ (àwọn ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn tó fìmọ̀ ṣọ̀kan) àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn wọ̀ láàárín ọdún 1877 sí 1893. Akọni wà lọ́tùn-ún, akọni wà lósì, ọgbọ́n ogun kò sì wọ́n wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè sọ pé òun borí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra sílẹ̀

Bí ẹ bá bi ẹni tó ń jà pé kí ló fa ìjà, orúkọ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ dá. Ẹ gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí igun bébà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni ìṣẹ̀lẹ̀ tó ti wáyé lẹ́ẹ̀kan, tó tún wáyé, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé yóò tún wáyé.

Nínú ogun Kírìjì, orúkọ tó máa ń wá sẹ́nu ni ti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà. Òótọ́ ni pé Ààrẹ fẹ́ràn ogun. Ṣùgbọ́n ó kú sí ibùdó ogun ní Igbájọ lọ́dún 1885, ogun kò sì bá a kú. Bí a bá ti gbé orúkọ rẹ̀ sí igun, ohun tó ṣẹ́ kù tó ń wáyé léraléra ni pé ọ̀nà ń dí, ẹ̀tù ìbọn ń tán, àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, sì ń ni àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lára.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn

Ẹni tó bá dúró sójú ogun nígbà náà, ibùdó méjì ni yóò rí: Ìbàdàn ní Igbájọ, Èkìtìparapọ̀ ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ṣùgbọ́n lórí bébà tiwa, àwọn tó yẹ ká kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, àwọn tó di ojú ọ̀nà òkun mú. Ìlọrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó dojú kọ Ọ̀fà. Ifẹ̀ wà níbẹ̀, àti Modákẹ́kẹ́, ìlú àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aláàfin Adéyẹmí wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà l'Ékòó. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tún wà l'Ékòó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí a ti kó lẹ́rú rí tàbí ọmọ wọn, tí wọ́n padà wálé láti Sàró àti Bràsíìlì. Wọn kò sí ní ibùdó kankan, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn wà nínú ogun náà, a ó rí i láìpẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan méjì: èrè tó ń rí bí ìjà bá ń bá a lọ, àti àdánù tó ń bá a. Ẹ má fi èrè ẹnikẹ́ni pamọ́ nítorí ojú rere. Ibi tí ọ̀pọ̀ alárinà ti ń kùnà nìyí, wọ́n máa ń rò pé gbogbo ènìyàn ló fẹ́ kí àlàáfíà dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fa àmì ọfà láti ohun kan sí ohun tó bí

Iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀ níbí, ẹ má kánjú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wù yín. Ìbàdàn ń jagun, nítorí náà ó nílò ẹ̀tù. Etí òkun ni ẹ̀tù ti ń wá, ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló sì wà láàárín. Lọ́dún 1877, àwọn ará Ìbàdàn lọ ra ẹ̀tù àti ìbọn ní Àjàṣẹ́ tí à ń pè ní Pọ́tò-Nófò, àwọn Ẹ̀gbá sì dá wọn lọ́nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ìbàdàn gbógun ti Ẹ̀gbá. Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ Ẹ̀gbá, wọ́n sì ti ọ̀nà pa. Ọ̀nà tó dí sọ ẹ̀tù di ọ̀wọ́n. Ogun ní ìnáwó, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ìbàdàn ló sì ń ru ìnáwó náà, níbi tí àwọn ajẹ́lẹ̀ ti ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Lọ́dún 1878, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀. Iná ràn, Èkìtìparapọ̀ dìde. Ogun Ìbàdàn wá di méjì, ẹ̀tù tó nílò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ ti rí i báyìí. A tún ti padà dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìka lé ibikíbi lórí bébà náà, tí ẹ ń tẹ̀ lé ọfà, tí ẹ sì padà sí ojú ibi tí ìka ti kúrò, ẹ ti rí àyípo tó ń bọ́ ìjà nìyẹn. Ẹ fi báírò pupa yí i ká.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kún un, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù láàárín wa. Ẹbí kan kò ní owó lọ́yà, wọ́n ta pùlọ́ọ̀tì méjì nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí. Ẹni tó rà á wá mọ fẹ́ǹsì. Ẹbí kejì rí fẹ́ǹsì, wọ́n pe ọlọ́pàá, àwọn náà sì gba lọ́yà. Owó lọ́yà tiwọn náà, inú ilẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ti wá a. Bí ẹjọ́ bá ṣe ń pẹ́ tó ni ilẹ̀ ń tán tó, bí ilẹ̀ bá sì ṣe ń tán ni ìbínú ń ga sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ olórí ẹbí méjèèjì kí wọ́n ní sùúrù, tí kò sì fọwọ́ kan títà ilẹ̀, kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo ohun tí ìṣẹ́gun mú wá, àti ohun tó pẹ́ kó tó dé

Lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìlá pátápátá nítòsí Ìkirun, nínú ogun tí a mọ̀ sí Jálumi. Bó bá jẹ́ pé ìṣẹ́gun ló ń parí ìjà, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun náà kò kan ọfà kankan lórí bébà wa. Ọ̀nà ṣì dí, ẹ̀tù ṣì wọ́n.

Àwọn nǹkan kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó so èso. Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé, tó di olórí ogun Èkìtìparapọ̀, ti gbé nílẹ̀ Ìbàdàn rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí Ìbàdàn ṣe ń jagun. Ní nǹkan bí ọdún 1872, ìjọba Èkó ṣí ọ̀nà kan gba Oǹdó kọjá sí ìlà-oòrùn, òwò ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣí i. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí ọ̀nà náà fi di ibi tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó ń gbà fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé, ìbọn tó ń yìn léraléra ju ṣakabùlà tó pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn lọ. Nítorí náà, ẹ kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ọfà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ ṣe lónìí lè má fara hàn títí di ìgbà tí ẹ ti gbàgbé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bèèrè ohun tí ẹnì kan kò tíì bèèrè

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí ẹ bá ti rí àyípo náà, ẹ pe ènìyàn bíi mẹ́rin tí èrò wọn kò jọra, kí ọmọdé wà níbẹ̀, kí obìnrin wà níbẹ̀, kí ẹ sì da àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun títí gbogbo èrò yóò fi jáde.

Èkíní: bí a bá fẹ́ kí ìjà yìí má parí láéláé, kí ni ká máa ṣe? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé ẹ ti ń ṣe díẹ̀ nínú wọn.

Èkejì: ta ni ìhà kọ̀ọ̀kan lè gbọ́ tirẹ̀ láìtijú? Aláàfin ti gbìyànjú, ó tilẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba Èkó lọ́dún 1881, ṣùgbọ́n ọkàn Èkìtìparapọ̀ kò balẹ̀ sí i. Lọ́dún 1886, àlùfáà méjì ni Gómìnà Moloney ti Èkó rán lọ: Samuel Johnson tó ń ṣiṣẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́, àti Charles Phillips tó ń ṣiṣẹ́ ní Òde Oǹdó. Ìhà kọ̀ọ̀kan rí ojú tó mọ̀. Mo ka èyí sí ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta: irú àjọṣe wo ni kò ní já ẹnikẹ́ni sílẹ̀? Èkìtìparapọ̀ kò ní sin Ìbàdàn mọ́, ohun tí wọ́n jà fún nìyẹn. Àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1886 fún wọn ní òmìnira, ó sì fi Aláàfin àti Ọwá Iléṣà sí ipò ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bíi ti àtijọ́. Àbúrò ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, kì í san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Iyì Ọ̀yọ́ kò bàjẹ́, òmìnira Èkìtì sì dúró.

Ẹ̀kẹrin: kí ni àwọn méjèèjì lè ṣe pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀? Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ kúrò ní ibùdó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, níṣojú àwọn aṣojú Gómìnà, wọ́n jọ tú ká ni, wọ́n sì dáná sun ibùdó. Ní ti ilẹ̀ ẹbí, èyí lè jẹ́ kí lọ́yà méjèèjì jọ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ mọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wádìí ẹni tó ń làjà

Ìjọba Èkó fẹ́ kí ọ̀nà òwò ṣí. Òwò tirẹ̀ ni. Lọ́dún 1892 ó gbógun ti Ìjẹ̀bú, wọ́n jà ní Ìmágbọ̀n, nígbà tó sì fi máa di ìparí ọdún 1893, agbára Gẹ̀ẹ́sì ti wọ ilẹ̀ Yorùbá jìnnà. Ẹ kọ orúkọ alárinà sórí bébà pẹ̀lú èrè tirẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Èyí kò ní kí ẹ kọ̀ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ ti mọ iye rẹ̀ ṣáájú ni.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wá okùn tí a kò tú

Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn 1886. Ó ń bá ìsàgatì rẹ̀ lọ ní Ọ̀fà, ìlú náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́dún 1887. Ogun Ìbàdàn ti ṣí lọ sí Ìkirun láti dojú kọ ọ́, títí Gómìnà Carter fi tú wọn ká lọ́dún 1893. Àdéhùn náà tún sọ pé kí Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò níbi tó wà lọ sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà, láìsí ètò tó dájú nípa bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò ṣe fi ilé àti oko wọn sílẹ̀. Wọn kò ṣí nígbà náà. Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tún ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ lọ́dún 1981, lọ́dún 1983 àti láti ọdún 1997.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá tọwọ́ bọ àdéhùn, ẹ tún tẹ́ bébà yín sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ fọwọ́ tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bèèrè bóyá ẹni náà wà níbẹ̀ tàbí ó rán aṣojú. Ẹ ka ìlérí kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ kọ ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí yóò ṣe é àti ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá. Ìlérí tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àdéhùn, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó tún jókòó lé e lórí.