Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Ogún Epo Rọ̀bì àti Gáàsì ní Texas

Lẹ́tà náà sábà máa ń wá láti ilé iṣẹ́ epo tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó máa ń sọ pé màmá àgbà ọkọ yín, tí ó ti kú láti bí ogójì ọdún, ní ẹ̀tọ́ lórí epo tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ kan ní Texas, àti pé àwọn ń wá àwọn ajogún rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó fẹ́ ará Amẹ́ríkà lè ju irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nù kíákíá, nítorí ó rò pé iṣẹ́ gbájúẹ̀ ni. Ìfura náà kò burú, torí gbájúẹ̀ kì í jìnnà sí ibi tí owó epo bá wà, ṣùgbọ́n jíju lẹ́tà náà nù láìyẹ̀ ẹ́ wò ni àṣìṣe àkọ́kọ́.

Òfin ilé wa ló ń ṣì wá lọ́nà níhìn-ín. Ní Nàìjíríà, abala 44(3) nínú ìwé òfin ọdún 1999 ti fi gbogbo epo, gáàsì àti ohun àlùmọ́ọ́nì sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí bàbá rẹ̀ fi oko sílẹ̀ fún lẹ́bàá Iléṣà kò lè sọ pé wúrà tí ó wà lábẹ́ ebè òun jẹ́ tòun. Ti Texas kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lè ta orí ilẹ̀ fún àgbẹ̀ kí ó dá abẹ́ rẹ̀ dúró fún ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò sí ogún mọ́ nítorí pé bàbá àgbà ti ta oko. Ìwé tí ó fi tà á ni kí a lọ kà, kí a wò ó bóyá ó dá nǹkan kan dúró.

Àṣìṣe tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ nínú ẹbí ni kí a gbé àṣà Dáwódù wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Nílé, olórí ẹbí àti àwọn abẹnugan ni wọ́n máa ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ẹbí. Ní Texas, kò sí olórí ẹbí lójú òfin: olúkúlùkù ajogún ni ó ni ìpín tirẹ̀, ó lè fi ìpín náà fún ilé iṣẹ́ epo ní líìsì, ìyẹn àdéhùn kí wọ́n máa wa epo níbẹ̀ fún ìgbà kan, láìbi àwọn yòókù, kò sì lè fọwọ́ síwèé fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ àfi tí wọ́n bá ti fún un láṣẹ nínú ìwé. Opó pàápàá kò jókòó síbi tí àṣà wa fi í sí. Bí ọkùnrin kan bá kú láìkọ ìwé ìhágún, tí ó ní ìyàwó àti ọmọ, tí ẹ̀tọ́ náà sì jẹ́ èyí tí òun náà jogún, àwọn ọmọ ni wọ́n ni ín, ṣùgbọ́n ìyàwó yóò máa jẹ àǹfààní ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ìdí-igi tí a ń kà láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kọ̀ọ̀kan kò sí níbẹ̀, gbogbo ọmọ ni wọ́n dọ́gba. Ajogún tí ó bá fi ọmọ kan pamọ́ torí pé ìta ni wọ́n ti bí i ń ba ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ jẹ́, nítorí ọmọ náà lè yọjú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú ẹ̀rí.

Ẹlòmíràn ní ìwé ìhágún, ó sì tì í mọ́ inú àpótí. Ìwé ìhágún tí a kò gbé lọ sílé ẹjọ́ kò gbé ẹ̀tọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tán, òfin Texas sì fún wa ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú láti gbé e lọ. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tí ó kù há, ó sì lè di pé wọn yóò pín ogún náà bí ẹni pé olóògbé kò kọ nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n ti parí ètò ogún ní ìpínlẹ̀ mìíràn, bíi Georgia tàbí Maryland, tún máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí, nítorí òfin ibi tí ilẹ̀ wà ni ó ń darí ilẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà tí ilé ẹjọ́ fi òǹtẹ̀ lù, kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé county (ẹkùn ìjọba ìbílẹ̀ nínú ìpínlẹ̀) tí ilẹ̀ náà wà gan-an. County 254 ni ó wà ní Texas, ìwé tí a bá sì fi sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ kò ṣe àǹfààní kankan.

Níbi tí kò bá sí ìwé ìhágún, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ìwé ìbúra tí ó ka ìtàn ẹbí: ẹni tí ó kú, ọjọ́ tí ó kú, àwọn tí ó fẹ́, gbogbo ọmọ tí ó bí. Ó rọrùn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ bíi ti ilé ẹjọ́. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni kí àwọn ajogún fúnra wọn jẹ́ ẹlẹ́rìí, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó mọ ẹbí dáadáa tí kò sì ní jẹ nínú ogún náà ni wọ́n ń fẹ́. Àṣìṣe kejì ni kí a ka ìwé náà sí ìdájọ́. Ẹ̀rí lásán ni, ó sì di ìgbà tí ó bá ti wà nínú àkọsílẹ̀ county fún ọdún márùn-ún kí ilé ẹjọ́ tó máa gbà á bí òótọ́ títí ẹlòmíràn yóò fi já a.

Ẹ má fi ìwé owó orí ṣe ẹ̀rí pé ẹ ni nǹkan, ẹ má sì fi àìsí rẹ̀ gbà pé ẹ kò ni ín: ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọn kò tíì máa wà jáde kì í san owó orí ní Texas. Àjọ tí ń jẹ́ Railroad Commission, tí kò bójú tó rélùwéè mọ́ láìka orúkọ rẹ̀ sí, mọ kànga epo kọ̀ọ̀kan àti ilé iṣẹ́ tí ó ń wà á, ṣùgbọ́n kò mọ ajogún. Inú ìwé atọ́ka orúkọ tí ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé county ni ẹ ti máa tọpa ẹ̀tọ́ náà láti ọwọ́ ẹni sí ọwọ́ ẹni títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ yín.

Ìṣirò ìpín náà ń fẹ́ sùúrù. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé màmá àgbà ní ìdajì ohun tí ó wà lábẹ́ éékà 160, èyí tí í ṣe éékà 80. Ó bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan kú ṣáájú rẹ̀ ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Éékà 20 kan ìyá tàbí bàbá wọn, nítorí náà éékà 6.67 kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ilé iṣẹ́ epo bá da ilẹ̀ náà pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn tí àpapọ̀ gbogbo wọn jẹ́ éékà 640, tí líìsì sì fún onílẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún owó epo, nọ́ńbà tí ó yẹ kí ó wà lórí ìwé division order (ìwé tí ó ń sọ ìpín owó epo tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan) ti ọmọ-ọmọ kọ̀ọ̀kan ni 0.00208333. Nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là epo, bíi sẹ́ǹtì mọ́kànlélógún ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fọwọ́ síwèé láìṣe ìṣirò yìí lè máa gba sẹ́ǹtì méje fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfura.

Ìwé àtijọ́ sì lè tan oníṣirò gan-an. Ní 1924, àwọn kan tí wọ́n ń ta ilẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn dá “ìdajì ìdá kan nínú mẹ́jọ” ohun àlùmọ́ọ́nì dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ni. Nínú ẹjọ́ Van Dyke pẹ̀lú Navigator Group ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Texas sọ pé ìdajì gbogbo rẹ̀ ni, nítorí pé láyé ìgbà náà “ìdá kan nínú mẹ́jọ” ni wọ́n fi ń pe gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì onílẹ̀. Ẹ má fún ara yín ní ìtumọ̀ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ wá agbẹjọ́rò tí ó ń ṣe iṣẹ́ epo.

Nígbà mìíràn, sọ̀wédowó máa ń bá lẹ́tà wá. Ẹ ka orí ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí: líìsì máa ń ní ọjọ́ tí yóò parí, ṣùgbọ́n mineral deed ni títà pátápátá. Owó epo tí ó ti jọ láìrí ẹni gbà á kì í dúró sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ títí láé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n gbọ́dọ̀ kó o lọ sí ọ́fíìsì Comptroller, ìyẹn olùtọ́jú owó ìpínlẹ̀ náà, ẹ sì lè wá orúkọ olóògbé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ilẹ̀ náà bá wà ní òdìkejì odò Sabine, ní Louisiana, ẹ má fi òfin Texas wọ̀n ọ́n. Níbẹ̀, ẹ̀tọ́ abẹ́ ilẹ̀ tí a yà kúrò lára ilẹ̀ máa ń padà sọ́wọ́ onílẹ̀ bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá láìsí ẹni tí ó wa epo níbẹ̀, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ kànga ìkẹyìn ni ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bi akọ̀wé.