Bí ẹ̀rọ tí mo fi ń rán awọ onírun ṣe ṣíwọ́ fífo
Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ mi fi ń fo àwọn ibì kan láìrán, tí ojú rírán sì ń tú bí mo bá fà á, nítorí òwú kan ṣoṣo ni ó ń lò. Mo pààrọ̀ òwú, pàbó ló já sí.

Mo wá pa iná, mo yọ wáyà, mo dúró títí ẹ̀rọ fi dákẹ́ pátápátá, mo sì yọ abẹ́rẹ́ kí ó má bàa gún mi. Lẹ́yìn àwo méjì tí ń di etí awọ mú ni mo ti bá irun tó ti dì mọ́ epo, tó sì dí ìkọ́ tí ń gba òwú lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò, mo kán epo ẹ̀rọ díẹ̀ sí i, mo ki abẹ́rẹ́ tuntun wọlé dáadáa, mo fi ọwọ́ yí wíìlì, mo sì dán an wò lórí àjákù awọ. Kò fo mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ń kan ìkọ́ náà, èyí nìkan lè má tó.