Ìtànṣán ṣáájú ọ̀bẹ: ohun tí o máa bi dókítà rẹ

Itan òsì ni sàkómà tèmi, ìyẹn irú jẹjẹrẹ kan tó ń mú ẹran ara, wà. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, béèrè bóyá ìtànṣán ni yóò ṣáájú, àbí ọ̀bẹ. Iṣẹ́ ìtànṣán ni láti pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ọ̀bẹ lè fi sílẹ̀, kí wọ́n má baà gé ẹsẹ̀.

Bó bá ṣáájú, ó sábà máa ń jẹ́ 50 Gy lápapọ̀ (Gy, ìyẹn gray, ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán), tí wọ́n pín sí ìgbà 25, fún ọ̀sẹ̀ 5. Ibi tó máa kàn kì í fẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ojú ọgbẹ́ lè pẹ́ kó tó jinná. Bó bá kẹ́yìn, ó máa ń tó 60 sí 66 Gy. Ẹran ara lè wá le gbagidi tó bá yá. Orúnkún mi ni mo rò, kó má baà le, tí mo fi ní kó ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn ìtànṣán ni wọ́n yọ sàkómà náà.

Má pa àmì tí wọ́n fà sí ọ lára láti fi mọ ibi tí ìtànṣán máa kàn rẹ́ o!