Yíya Fọ́tò Asáré Nínú Aṣálẹ̀ Gbalasa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní ìmọ̀ràn kan fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ní i lọ́kàn láti lọ ya fọ́tò níbi Marathon des Sables, eré ìje nǹkan bí 250 kìlómítà tó bẹ̀rẹ̀ ní aṣálẹ̀ gúúsù Mòrókò ní ọdún 1986. Ẹ má ṣe máa lé asáré kiri. Ẹ ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ẹ yan ibi tí orí òkìtì iyanrìn kan ti fà gùn bí okùn, kí ẹ sì dúró dè é títí tí yóò fi wọ inú àwòrán tí ẹ ti tò sílẹ̀. Ó lè kéré bí èèrà, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé gé e lọ́rùn. Bí ẹ bá lóṣòó díẹ̀, orí àti èjìká rẹ̀ yóò yọ sójú ọ̀run. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá ya síra ni kí ẹ yà á, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pa pọ̀ máa ń dà bí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

Iyanrìn tó ń tàn yòò máa ń tan kámẹ́rà jẹ, tí àwòrán yóò fi ṣókùnkùn, nítorí náà ẹ ṣètò kámẹ́rà kí ó gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Lọ́sàn-án gangan, ooru máa ń mú kí ohun tó jìnnà máa gbọ̀n bí omi, lẹ́ǹsì olówó gọbọi pàápàá kò sì lè tún un ṣe. Ẹ má sì ṣe pààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú atẹ́gùn, kí iyanrìn má bàa wọ inú kámẹ́rà.